Ẹ̀wà, Sóyà, Àgbàdo, Ìrẹsì: Èwo Ni Kòkòrò Ń Tètè Jẹ, Èwo Lẹ Lè Rà Ní Àpò L'Ékòó?

Láti nǹkan bí oṣù kọkànlá, nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ti ń dé láti Òkè Ọya, àwọn tó ń dá owó jọ ra oúnjẹ ní Ìddó àti Mile 12 máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ṣé ká ra odidi àpò ká pín in, àbí kí oníkálùkù máa ra kóńgò tirẹ̀ lọ? Gbogbo wa la mọ̀ pé àpò máa ń dín owó kù. Ohun tí a kì í ṣírò mọ́ ọn ni iye tí kòkòrò máa jẹ níbẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé.

Hóró tí ẹ fẹ́ rà ló máa dá yín lóhùn. Àwọn hóró kan wà tí kòkòrò kò lè rí jẹ bó ti wù kí ebi pa á. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá mójú kúrò lára wọn fún oṣù méjì, ìyẹ̀fun lẹ máa bá nílẹ̀ àpò. Àwọn èèyàn a máa rò pé ọ̀rọ̀ oògùn ni, tàbí pé ìyá kan mọ ọjà tọ́jú ju èkejì lọ. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú hóró, bí èèpo rẹ̀ ṣe rí, àti irú kòkòrò tó mọ̀ ọ́n jẹ ló kọ́kọ́ ń pinnu rẹ̀.

Kòkòrò ẹ̀wà fúnra rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń bá jà kí á tó fi hóró wé hóró. Kòkòrò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń rìn lára kóńgò yín yẹn, Callosobruchus maculatus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe ilé yín ló ti wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á fún yín. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà: láti oko, nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà nínú èèpo gígùn rẹ̀, ni abo kòkòrò yìí ti ń lẹ ẹyin mọ́ ọn. Díẹ̀ ni ti oko. Inú àpò ni wọ́n ti ń di ogun, nítorí abo kan ṣoṣo lè yé ẹyin tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún.

Kì í yé ẹyin sínú hóró. Ara èèpo ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹyin kọ̀ọ̀kan bí àmì bíńtín. Nígbà tí ìdin bá jáde, ìsàlẹ̀ ẹyin yẹn gan-an ló ti máa lu èèpo wọlé, ìgbẹ́ rẹ̀ àti ìyẹ̀fun tó lù jáde á sì kún inú ẹyin tó ṣófo náà, á wá funfun kedere. Ìdin á máa jẹun nínú hóró títí yóò fi dàgbà. Bí ooru bá wà ní nǹkan bí 30°C, tó jẹ́ pé ooru Èkó nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó láti ẹyin dé kòkòrò tó ń fò. Ìgbà tó bá ń jáde ló ń gé ihò róbótó tí a ń rí. Lẹ́yìn èyí kò tún jẹ ẹ̀wà mọ́. Ó ń gùn, ó ń yé, láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti kú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ẹ̀wà lọ́jà, ihò ń sọ ti àná. Àmì funfun ara èèpo ló ń sọ ti oṣù tó ń bọ̀, òun ló sì yẹ kí ẹ fojú wá.

Olóyin, drum, ẹ̀wà funfun: ṣé ìyàtọ̀ wà?

Ó wà, ṣùgbọ́n kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ní olóyin ni kòkòrò ń jẹ jù nítorí pé ó dùn. Adùn ẹnu wa kọ́ ni kòkòrò ń wá. Ó ń fi ẹsẹ̀ àti ẹnu tọ́ ara èèpo wò, ohun tó sì fẹ́ ni hóró tó ń dán, tó tóbi, tó tẹ́jú dáadáa fún ẹyin. Orúkọ ọjà kò lè sọ èyí fún yín, torí pé oríṣiríṣi ẹ̀wà láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n ń pè ní olóyin. Ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fi àtàǹpàkò ra á.

Èyí tí èèpo rẹ̀ dán, tí ń yọ̀ lọ́wọ́, ni kòkòrò ń yé ẹyin sí jù. Èyí tí èèpo rẹ̀ hunjọ, tó rí gbagungbagun díẹ̀, kò wù ú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀wà funfun olójú dúdú tí àwọn alákàrà ń rà bẹ́ẹ̀, ìdí kan náà tí èèpo wọn fi ń tètè bó lára bí ẹ bá rẹ wọ́n sómi ni. Ẹni tó bá ń ra ẹ̀wà àkàrà àti mọ́ínmọ́ín jèrè lọ́nà méjì níbẹ̀ yẹn. Hóró ńlá náà lè gba ìdin mélòó kan pọ̀. Hóró kékeré kì í sábà bọ́ ju ọ̀kan tàbí méjì lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyàtọ̀ yìí, ẹnu ọ̀nà ló mọ. Ìdin tó bá ti ráyè wọ inú ẹ̀wà gbagungbagun, oúnjẹ kan náà ló bá níbẹ̀. Kò sí ẹ̀wà kankan lórí káńtà ní Ọyìngbò tàbí Ẹbúté Èrò tí mo lè sọ pé ẹ gbé àpò rẹ̀ sí yàrá lásán fún oṣù mẹ́fà nítorí irú ẹ̀wà tó jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, wá irú ẹ̀ títí. Ní àwọn ọdún 1970 wọ́n yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ẹ̀wà wò, díẹ̀ péré ló lè bá kòkòrò náà fà á. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni TVu 2027, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdin ti ń kú, tí èyí tó kù sì ń pẹ́ kó tó dàgbà. Ohun tó ń bá wọn jà nínú rẹ̀ jọ mọ́ irú àwọn purotéènì inú hóró náà, tí ìdin kò lè lọ̀ dáadáa. Ẹ má lọ máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá oníẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí n tún ṣe. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yí àbùdá rẹ̀ padà, SAMPEA 20-T, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, kòkòrò oko ni wọ́n ṣe é fún, Maruca, ìdin labalábá alẹ́ tó ń lu òdòdó àti èèpo ẹ̀wà nínú oko. Kò dí kòkòrò inú àpò lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó bá tà á fún yín pé "èyí kì í ní kòkòrò" kò mọ ohun tó ń sọ, tàbí ó mọ̀ dáadáa.

Ẹ̀wà wa àti kídìnì pupa

Ìfiwéra yìí ló dùn mọ́ mi jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí i pé kòkòrò kò jẹ́ alágbára gbogbo.

Kídìnì pupa, èyí tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ìkẹjà àti Lẹ́kí, jọ ẹ̀wà wa lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn ni. Orúkọ rẹ̀ ni Phaseolus vulgaris, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Vigna unguiculata ni tiwa, Áfíríkà ló ti ṣẹ̀. Bí ẹ bá da méjèèjì sínú ike kan pẹ̀lú kòkòrò ẹ̀wà, abo yóò yé ẹyin sára kídìnì bó ti ń yé e sára olóyin. Ìdin á lu èèpo, á wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ibẹ̀ ni yóò kú sí. Purotéènì kan wà nínú kídìnì tó ń di iṣẹ́ ohun tí ìdin fi ń lọ sítáàṣì nínú ikùn rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní rí agbára kankan mú nínú ohun tó ń jẹ. Ebi ló ń pa á láàrin oúnjẹ. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ mú àbùdá tó ń ṣe purotéènì yìí láti inú irú ẹ̀wà náà, wọ́n fi sínú ẹ̀wà píìsì òyìnbó, kòkòrò inú àpò kò sì lè rí òun náà jẹ dàgbà mọ́.

Ẹ má wá sọ pé kídìnì ti yọ nínú ewu pátápátá. Kòkòrò tirẹ̀ wà, Acanthoscelides obtectus, tó bá a wá láti Amẹ́ríkà, ohun tó ń pa tiwa sì ti mọ́ ọn lára. Bó ṣe máa ń rí nínú ayé hóró nìyí: hóró kọ̀ọ̀kan ní ohun ìjà tó fi lé ọ̀pọ̀ kòkòrò sẹ́yìn, ìwọ̀nba kòkòrò kan á sì rí ọ̀nà gbà kọjá. Daniel Janzen, tó ṣiṣẹ́ lórí igi àti kòkòrò ní Amẹ́ríkà Àárín, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1969: àwọn igi kan tí hóró wọn ń wà nínú èèpo gígùn bíi ti ẹ̀wà ń so hóró kéékèèké púpọ̀ kí kòkòrò jẹ díẹ̀ kí díẹ̀ kù, àwọn mìíràn ń so hóró ńlá tí kò pọ̀, wọ́n á sì fi oró sínú rẹ̀. Ní Costa Rica, igi àfàgùn kan wà tó ń jẹ́ Dioclea megacarpa. Oró inú hóró rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní canavanine ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, àfi ọ̀kan, Caryedes brasiliensis, tó sọ oró náà di oúnjẹ, tí kò sì mọ oúnjẹ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nílé níbí, ẹ wo wèrèpè. Èròjà kan tó ń jẹ́ L-DOPA tó pọ̀ nínú hóró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò sún mọ́ ọn. Kì í ṣe irun ara èèpo rẹ̀ tó ń yún wa nìkan ni ààbò rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìdáná wà nínú èyí. Ohun tí kòkòrò sá fún lè mú àwa náà. Kídìnì tí a kò sè ní purotéènì kan tó ń jẹ́ lẹ́kítìn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru: ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kó hó gidi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó din iná kù. Kí iná kan rọra máa mú un gbóná kò tó.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ máa gbàgbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kídìnì borí ẹ̀wà wa. Bó bá jẹ́ gbẹ̀gìrì, àkàrà tàbí ẹ̀wà àgànyìn lẹ fẹ́, kò sí ìdíje.

Sóyà, òtílí, ẹ̀pà ròrò

Sóyà ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra àpò láìní nǹkan ìtọ́jú. Kòkòrò ẹ̀wà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ọmọ tọ́ dàgbà nínú rẹ̀, nítorí àwọn purotéènì inú rẹ̀ tó ń dí ìlọ̀ oúnjẹ ìdin lọ́wọ́ àti àwọn èròjà kíkorò mìíràn. Iná ìdáná ń pa púpọ̀ nínú wọn, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mu wàrà sóyà láìsè. Ọ̀tá sóyà l'Ékòó ni ọ̀rinrin: ó ń hu, òróró inú rẹ̀ sì ń kan.

Òtílí àti ẹ̀pà ròrò, ẹ kà wọ́n mọ́ ẹ̀wà. Kòkòrò kan náà ń jẹ wọ́n.

Àgbàdo gbígbẹ

Kòkòrò mìíràn ló wà níbí, Sitophilus zeamais, èyí tó ní ẹnu gígùn. Òun kì í lẹ ẹyin sára. Á fi ẹnu gbẹ́ ihò sínú hóró, á yé ẹyin sí i, á fi nǹkan bí oje di ẹnu ihò náà, ẹ kò sì ní rí i. Nítorí náà, líle hóró ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má wo pupa tàbí funfun. Ẹ wo orí hóró: èyí tí orí rẹ̀ yí, tó ń dán bíi gíláàsì, le ju èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí inú rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. Àgbàdo gúgúrú ló le jù nínú wọn. Àwọn tó ń lọ ògì fẹ́ èyí tó rọ̀, ó sì yé mi, àmọ́ kí wọ́n ra ìwọ̀n tí wọ́n máa lọ̀ láàrin oṣù kan.

Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tó pọ̀ ju ihò lọ, kòkòrò àgbàdo mìíràn, Prostephanus truncatus, lè wà níbẹ̀. Amẹ́ríkà Àárín ló ti wá. Ní nǹkan bí 1984 ni wọ́n rí i ní Tógò. Ẹ má ra àpò yẹn ní ẹ̀dínwó kankan.

Ìrẹsì, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí

Níbi gbogbo tí èèpo bá wà, èèpo borí. Ẹ̀gúsí tí a kò tíì bó àti ẹ̀pà inú èèpo ń pẹ́ ju bíbó lọ. Ọ̀fàdà tó ṣì ní awọ inú rẹ̀ lára dùn mọ́ kòkòrò ju ìrẹsì tí wọ́n ti gé funfun lọ, òróró awọ náà sì máa ń kan. Ẹ rà á díẹ̀díẹ̀. Ní Daleko, ọjà ìrẹsì l'Ékòó, ẹ bèèrè bí àfọ́kù ṣe pọ̀ tó nínú àpò kí ẹ tó san owó, torí kòkòrò pupa kékeré inú ìyẹ̀fun, Tribolium, kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí hóró odidi. Àfọ́kù ló ń pè é.

Ẹ̀wà tó níhò àti ẹ̀wà tí kò níhò

"Kọ́sítọ́mà mi, kòkòrò ti jẹ ẹ́ o, ìyẹn ni pé kò ní kẹ́míkà." Ẹ ti gbọ́ ọ, èmi náà ti gbọ́ ọ. Ìdí wà fún un: òtápíápíá, tí oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ dichlorvos wà nínú rẹ̀, ti ba orúkọ ẹ̀wà wa jẹ́. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí pé dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ré kọjá ààlà wọn, 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ihò kì í ṣe ẹ̀rí. Ìgbà tí kòkòrò bá ti ń jáde ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò ń ronú kan oògùn. Ihò àti oògùn lè wà nínú àpò kan náà, ó tilẹ̀ rọrùn kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí kò níhò náà lè jẹ́ tuntun láti oko, tàbí kó ti wà nínú àpò tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Kídìnì tí kò níhò kò sì sọ nǹkan kan nípa oògùn. Bí a ṣe dá a ni. Ohun tí mo ń wò ni kòkòrò ààyè. Bó bá ń rìn geere nínú àpò, kò dájú pé oògùn tó lágbára ṣì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ òkú kòkòrò ló kún ìsàlẹ̀ àpò, tí àmì funfun sì wà lára hóró, mo máa ń kọjá lọ sí káńtà tó kàn. Òórùn kò tó láti fi mọ̀, ó ń fò lọ kí ohun tó kù lára hóró tó lọ.

Àpò àbí kóńgò

Bí ẹ bá máa ra odidi àpò ẹ̀wà, ẹ ra àpò PICS mọ́ ọn, tàbí kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ le. Àpò PICS jẹ́ ìpele mẹ́ta: ọ̀rá nípọn méjì nínú, àpò híhun lóde. Larry Murdock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Kò sí oògùn níbẹ̀. Àwọn kòkòrò fúnra wọn ló ń lo ọ́síjìn inú rẹ̀ tán. Wọn ò lè jẹun mọ́, omi ara wọn á sì gbẹ, òùngbẹ ló ń pa wọ́n. Ẹ kún un dé ẹnu, ẹ ti afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kí ẹ so ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sì máa ṣí i yẹ̀ wò. Ẹ̀wà náà gbọ́dọ̀ gbẹ kí ẹ tó dà á sí i: ẹ fi eyín gé ọ̀kan, kó dún kà.

Bó bá jẹ́ kóńgò méjì mẹ́ta, fíríìsà ló dára jù. Ní -18°C, ọjọ́ kan ti tó láti pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Pẹ̀lú iná tiwa, ẹ fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹ sì dà á sínú ike tó dé dáadáa lẹ́yìn náà, nítorí fíríìsà kò sọ pé kòkòrò tuntun kò ní wọlé.

Ẹni tí kò ní fíríìsà lè lo oòrùn ọyẹ́: ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí décking, ẹ da ẹ̀wà sí i kó tẹ́jú, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ pinpin. Bí inú rẹ̀ bá dé 57°C fún wákàtí kan, gbogbo wọn ti kú. Sísá lórí ẹní lásán kì í dé ibẹ̀. Ó kàn ń lé àgbà kòkòrò lọ sí ilé ẹlòmíràn ni. Òróró ẹ̀pà náà ń ṣiṣẹ́, ṣíbí tíì kan fún kílò kan, ẹ pò ó pọ̀ kó kan gbogbo hóró. Ẹyin ló ń pa. Kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìdin tó ti wọlé, nítorí náà ẹ̀wà tuntun ló wà fún. Ata gbígbẹ tí àwọn ìyá wa ń jù sí i, mi ò ní kí ẹ má fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi òun nìkan ṣọ́ àpò.

Èyí tó bá ti níhò nílé yín ńkọ́? Ẹ fẹ́ ẹ, ẹ dà á sómi. Èyí tó bá rì, ẹ ṣà á, ẹ sè é lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá léfòó, ó ti ṣófo. Ẹ dà á fún adìyẹ, bó bá dá yín lójú pé kò sí òtápíápíá lára rẹ̀.